Ẹ̀jẹ̀ Ríru: Ṣé 130/80 Ti Di Àìsàn Ni?

Ní òpin oṣù kẹjọ ọdún 2024, àwọn dókítà ọkàn ní Yúróòpù gbé ìlànà tuntun jáde lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ láti orí fóònù kan sí èkejì. Ẹni tí wọ́n ti ń sọ fún pé 128/78 rẹ̀ dára ń gbọ́ báyìí pé ó ti gòkè. Àwọn kan ti lọ ra oògùn fúnra wọn. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, pé àwọn tó ń ṣe oògùn ló fẹ́ tajà. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nìyí.

Kí ni wọ́n yí padà gan-an?

Wọ́n dá ìsọ̀rí kan sílẹ̀ láàárín ẹ̀jẹ̀ tó dára àti àìsàn. Bí nọ́ńbà òkè bá wà láàárín 120 sí 139, tàbí ti ìsàlẹ̀ láàárín 70 sí 89, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ náà ti gòkè. Wọn ò pè é ní àìsàn. Láti 140/90 lọ sókè ni àìsàn ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí lọ́dọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló yàtọ̀. Láti 2017 ni wọ́n ti fa ààlà tiwọn wálẹ̀ sí 130/80, wọn ò sì yí i padà nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2025. Nígbà tí wọ́n fà á, àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń kà mọ́ ẹlẹ́jẹ̀ ríru níbẹ̀ kúrò ní 32 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n di 46, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni ò gòkè lóru ọjọ́ náà.

Kí ni nọ́ńbà òkè, kí ni ti ìsàlẹ̀?

Ti òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan nígbà tí ọkàn bá fún un jáde. Ti ìsàlẹ̀ ni èyí tó ṣẹ́ kù nígbà tí ọkàn bá sinmi kó tó tún lù.

Kí ló dé tí ẹnu wọn ò kò?

Torí pé kò sí ààlà gidi kan láàárín ẹ̀jẹ̀ tó dára àti èyí tó ti gòkè. Ní 2002, àwọn olùwádìí kó ìwádìí 61 pọ̀, àgbàlagbà mílíọ̀nù kan ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n rí i pé láti 115/75 ni ewu ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Láàárín ẹni ogójì ọdún sí ẹni mọ́kàndínláàádọ́rin, bí nọ́ńbà òkè bá ti fi 20 lé, ikú láti ọwọ́ rọpárọsẹ̀ àti àìsàn ọkàn á di ìlọ́po méjì. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ gun Òkè Màpó ò lè nàka sí ibi tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ti parí, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ mọ̀ pé òun ń gòkè. Ibi tí ó yẹ kí dókítà ti bẹ̀rẹ̀ oògùn ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Pé ọ̀nà náà ń gòkè, wọn ò jiyàn ìyẹn.

Ṣé ìbínú àti ìrònú kọ́ ló ń fà á? Orúkọ rẹ̀ kúkú ni ẹ̀jẹ̀ ríru.

Orúkọ yẹn gan-an ló ń ṣì wá lọ́nà. Bí a bá ti gbọ́ "ríru", ìkòkò tó ń ru bo iná ló máa ń wá sọ́kàn wa, la bá gbà pé onínúfùfù ló ni àìsàn náà, pé onísùúrù ti bọ́. Ẹ̀jẹ̀ kì í hó. Ẹ wo ọ̀pá omi tó ti ń le tí inú rẹ̀ sì ti ń fún, tí ẹ̀rọ tó ń ti omi gba inú rẹ̀ wá ń ṣe wàhálà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀pá yẹn, ọkàn ni ẹ̀rọ. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, iṣan inú ọpọlọ lè dí tàbí kó bẹ́, ìyẹn ni rọpárọsẹ̀. Àwọn iṣan tín-ín-rín inú kíndìnrín àti ojú á máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, ọkàn náà á sì máa rẹ̀.

Lóòótọ́, ìbínú a máa gbé nọ́ńbà sókè fún ìgbà díẹ̀, àìsùn àti wàhálà tí kò tán sì ń dá kún un. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ènìyàn jẹ́jẹ́, tí ẹ ò lè gbọ́ ohùn wọn nínú yàrá kejì, tí ẹ̀jẹ̀ wọn wà ní 170. Wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò rí, torí wọ́n ní àwọn kì í bínú. Orí ò fọ́ wọn, àyà ò já wọn, bẹ́ẹ̀ ló sì ń rí fún ọ̀pọ̀ jù lọ. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Wọ́n ní àjogúnbá àwa aláwọ̀ dúdú ni. Kí ni ènìyàn wá lè ṣe sí i?

Nílé wa níbí ni wọ́n ti wá ìdáhùn sí èyí. Richard Cooper ní Amẹ́ríkà àti àwọn dókítà Ìbàdàn, tí Babatunde Osotimehin tó padà di mínísítà ètò ìlera wà lára wọn, wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Wọ́n wọn ti àwọn ará Igbó-Ọrà, wọ́n wọn ti ará Kamẹrúùnù, Jamaica, St. Lucia àti Barbados, títí dé Maywood lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997 nìyí: ẹlẹ́jẹ̀ ríru jẹ́ 16 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níhìn-ín, 26 ní àwọn erékùṣù yẹn, 33 ní Amẹ́ríkà. Orírun kan náà ni o. Bí ara ṣe ń sanra sí i, tí iyọ̀ ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń gòkè.

Ẹni tí òbí rẹ̀ ní in gbọ́dọ̀ tètè máa yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ara àwọn àgbẹ̀ Igbó-Ọrà ìgbà yẹn ò yàtọ̀ sí tiwa. Ìgbésí ayé wọn ló yàtọ̀. Ọ̀kadà là ń gùn báyìí lọ síbi tí bàbá wa ń fẹsẹ̀ rìn dé.

Mi ò kì í bu iyọ̀ sórí oúnjẹ. Iyọ̀ wo ni wọ́n ń sọ?

Èyí tó ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó jókòó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́. Ṣíbí tíì kan péré nìyẹn, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Gíráàmù 10.8 sì ni wọ́n ní a ń jẹ káàkiri àgbáyé.

Mo dán an wò ní Sátidé kan. Mo da iyọ̀ ṣíbí tíì kan sínú ọmọrí ìgò, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Bí mo bá ti jẹ ohun tó ní iyọ̀ nínú, mo ń bu ìwọ̀n rẹ̀ dànù. Núdùlù àárọ̀ pẹ̀lú èròjà inú ọ̀rá kékeré rẹ̀ kó èyí tó pọ̀ lọ. Búrẹ́dì bù díẹ̀. Horo mágì tí mo fi se ọbẹ̀ ọ̀sán, iyọ̀ ló lé ní ìdajì rẹ̀, ló gbá ìyókù. Ọmọrí ti gbẹ kí n tó jẹun alẹ́, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì fọwọ́ kan ike iyọ̀.

Láti ọjọ́ náà, ìdajì mágì ni mò ń lò. Irú, alùbọ́sà, ata àti ẹfinrin ló ń ṣe ìyókù iṣẹ́. (Ẹ bi ìyá tó ń ta irú bóyá ó fi iyọ̀ sí i.) Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tẹ́ lẹ́nu. Lẹ́yìn bí oṣù kan, ọbẹ̀ búkà ló wá ń dà bí omi òkun lẹ́nu mi.

Ẹ̀rọ kẹ́míìsì ní 152, tilé ní 134. Èwo ni kí n gbà?

Ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n. Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe wọn ẹ̀jẹ̀ màmá mi ní kẹ́míìsì kan: màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ni, oníkẹ́míìsì di ọ̀já ẹ̀rọ náà lé orí apá bùbá, ọwọ́ màmá rọ̀ sísàlẹ̀, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ owó ata. Ìkọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí lè fi kún nọ́ńbà. Ọwọ́ tó rọ̀ sísàlẹ̀ nìkan lè fi bíi 6 kún ti òkè.

Ẹ kọ́kọ́ lọ tọ̀. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fẹ̀yìn ti nǹkan, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí apá wà ní ìhòòhò lórí tábìlì, ní ìdọ́gba àyà. Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ obì tàbí mu kọfí ní ìdajì wákàtí ṣáájú. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ mú ìwé náà tọ dókítà lọ. Ìwé yẹn wúlò fún un ju nọ́ńbà ọjọ́ kan lọ.

Tèmi jẹ́ 128/78. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ oògùn?

Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, rárá. Ìrìn kíákíá wákàtí méjì àtààbọ̀ lọ́sẹ̀, iyọ̀ díẹ̀, èso àti ẹ̀fọ́, ọtí díẹ̀ tàbí kí ẹ má mu ún, kí ikùn fà díẹ̀ bó bá ti yọ: ibi tí ẹ wà yìí gan-an ló yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀nyí. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà, àìsàn kíndìnrín tàbí ti ọkàn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀; kó lọ bá dókítà. Aláboyún tí tirẹ̀ bá dé 140/90, kó lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Tèmi ti wá sílẹ̀ sí 124. Ṣé mo lè dá oògùn dúró?

Oògùn náà ló mú un wálẹ̀. Bí ẹ bá dá a dúró, ó ṣeé ṣe kó padà gòkè láìjẹ́ kí ẹ mọ̀. Bí oògùn bá ń mú ẹsẹ̀ yín wú tàbí kó máa mú yín húkọ́, ẹ sọ fún dókítà, òmíràn wà. Bí owó ló sì ń dí yín lọ́wọ́, ẹ sọ ìyẹn náà fún un láìtijú, torí èyí tí kò wọ́n púpọ̀ wà.

Àgbo ńkọ́?

Ẹ má fi rọ́pò oògùn, ẹ má sì fi í pamọ́ fún dókítà.

Iyọ̀ oní-potassium tí wọ́n ń polówó, èyí tí wọ́n fi èròjà potassium rọ́pò apá kan nínú iyọ̀ lásán, ńkọ́?

Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2025 fún ìlò nínú ilé. Àmọ́ ó léwu fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò dá ṣáṣá àti ẹni tó ń lo àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan. Kí irú wọn bi dókítà kí wọ́n tó tọ́ ọ wò.

Ìgbà wo gan-an ló yẹ kí ẹ̀rù bà mí?

Bí nọ́ńbà bá dé 180/120, ẹ sinmi díẹ̀, ẹ tún un wọ̀n. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ kàn sí dókítà lọ́jọ́ náà, kódà bí nǹkan kan ò ṣe yín. Bí àyà bá ń dunni pẹ̀lú rẹ̀, tí èémí ò délẹ̀, tí ojú ṣú, ilé ìwòsàn ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹnu ẹnì kan bá ṣàdédé wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá kan ò gbé mọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, ohun yòówù kí ẹ̀rọ sọ. Ẹ má rọ omi, epo tàbí àgbo sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ẹ wo aago, kí ẹ sì rántí àkókò tó bẹ̀rẹ̀, torí ohun àkọ́kọ́ tí dókítà máa bi yín nìyẹn.