Oòrùn kọ́ ló ha ọkọ̀ yín lára

Bí ọkọ̀ bá ti lo ọdún díẹ̀, tí ara rẹ̀ kò dán mọ́, oòrùn la kọ́kọ́ máa ń nawọ́ sí. Bí a bá rí ìlà wẹ́wẹ́ tó kún orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a ó ní oòrùn ni. Bí a bá rí àmì roboto funfun níbi tí omi gbẹ sí, a ó tún ní oòrùn ló jó o, pé ẹ̀kán omi ń ṣe bí awò tó ń kó ìtànṣán jọ, tó wá ń fi sun ọ̀dà. Àwọn kan gba èyí gbọ́ débi pé wọ́n ń náwó sórí aṣọ ìbọkọ̀, síbẹ̀ fóòmù tí wọ́n fi fọ táyà náà ni wọ́n ń gbé lé bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí sí ohun mìíràn. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ yẹn, ọwọ́ tó ń fọ ọkọ̀ ló fà wọ́n. Àwọn àmì roboto yẹn, omi tí a kò nù kúrò ló fi wọ́n sílẹ̀. N kò sọ pé ọwọ́ oòrùn mọ́ o. Oòrùn a máa mú kí àwọ̀ ọkọ̀ ṣí, a sì máa ba ọ̀dà òkè jẹ́ títí táá fi máa bó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdún púpọ̀ nìyẹn, orí òrùlé, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti búùtù tó kọjú sókè ló sì ti máa ń hàn jù. Oòrùn kì í fa ìlà. Ẹ wo ilẹ̀kùn ọkọ̀, níbi tí oòrùn kì í ti í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: ìlà wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀ náà.

Ẹ dán èyí wò lálẹ́. Ẹ tan iná fóònù yín, ẹ mú un sún mọ́ ara ọkọ̀ tó ti mọ́, pàápàá èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú. Ẹ ó rí àwọn ìlà náà tí wọ́n tò yí iná ká bí ilé aláǹtakùn. Ẹ wá sún iná náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn òbíríkítí yẹn á bá iná lọ. Bó bá ṣe pé òbíríkítí gidi ni wọ́n, ojú kan náà ni wọn ì bá dúró sí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ìlà kéékèèké ló kún ara ọ̀dà náà, tí wọ́n dojú kọ ọ̀nà gbogbo, ṣùgbọ́n èyí tó bá dábùú ìtànṣán nìkan ló ń ta ìmọ́lẹ̀ padà sí wa lójú. Ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé wọ́n yípo.

Èyí náà ló já irọ́ àwọn tó ń sọ pé yíyí ọwọ́ po nígbà tí a bá ń fọ ọkọ̀ ló ń fa ìlà, pé ẹni tó bá ń fa ọwọ́ rẹ̀ lọ tààrà ti bọ́. Iyanrìn tó bá ti wà lábẹ́ aṣọ yóò ha ọ̀dà, ibi yòówù kí ọwọ́ gbà. Fífa ọwọ́ lọ tààrà ní ìwọ̀nba àǹfààní, torí ìlà tó kọjú sí ọ̀nà kan ṣoṣo kì í hàn láti gbogbo igun. Ó tán síbẹ̀.

Ọ̀dà ọkọ̀ òde òní kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó ní àwọ̀ wà nísàlẹ̀, èyí tí kò láwọ̀ rárá ni wọ́n fi bò ó lókè, òun la sì ń rí tó ń dán. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nínípọn ọ̀dà òkè yìí wà láàárín nǹkan bíi 35 sí 50 maikirọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ irun orí ẹyọ kan sábà máa ń tó 70. Maikirọ́ọ̀nù 1000 ló sì wà nínú milimítà kan ṣoṣo. Ẹ wá wo ohun tó ń bá a jà. Lórí òṣùwọ̀n Mohs, tí wọ́n fi ń mọ bí òkúta ṣe le tó láti 1 dé 10, iyanrìn quartz wà ní 7. Gíláàsì fèrèsé gan-an kò le tó bẹ́ẹ̀, áńbọ̀sìbọ́sí ọ̀dà. Irú iyanrìn yìí sì wọ́pọ̀ nínú eruku ojú ọ̀nà. Kò dìgbà tí a bá fi agbára fọ̀ kó tó ha nǹkan.

Ohun tó burú jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ kì í tiẹ̀ í ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí a ń fọ ọkọ̀. Àárọ̀ ni, nígbà tí ẹni tó fẹ́ jáde bá mú àkísà gbígbẹ, tó fi nu eruku ojú gíláàsì, tó wá kúkú bá a lọ dé bọ́nẹ́ẹ̀tì àti òrùlé. Ó rò pé òun ń tọ́jú ọkọ̀ ni. Kò sí omi níbẹ̀, kò sí ọṣẹ, kò sí ohunkóhun tó máa mú kí iyanrìn yọ̀ kọjá lórí ọ̀dà. Gbogbo rẹ̀ há sáàárín àkísà àti ara ọkọ̀, ọwọ́ sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, láràárọ̀. Mo bẹ̀ yín, bí kò bá sí àyè láti fọ ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó bá eruku rẹ̀ jáde. Gíláàsì nìkan ló di dandan kó mọ́ kí ẹ tó wakọ̀, ẹ da omi sí òun náà kí ẹ tó nù ún.

Ti ọṣẹ kò gùn. Ọṣẹ tó ń hó púpọ̀ kọ́ ló ń fọ nǹkan mọ́ jù. Ọṣẹ ẹlẹ́búlúbú tí a fi ń fọ aṣọ kò dára fún ọkọ̀, torí ó le jù fún wáàsì tó ń dáàbò bo ọ̀dà, hóró rẹ̀ tí kò bá sì yọ́ tán nínú omi lè ha ọ̀dà. Ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ kì í ha nǹkan fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń gé ọ̀rá, a sì máa bó wáàsì náà. Ṣáńpù ọkọ̀ sàn ju méjèèjì lọ, nítorí ó ń mú kí ojú ọ̀dà yọ̀, kí iyanrìn lè gbà kọjá láì wọ̀ ọ́ lára.

Ó wá ku àwọn àmì omi. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kán omi tó ń kó ìtànṣán jọ yẹn dùn létí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kán omi tó jókòó sórí ohun pẹrẹsẹ kò nípọn tó láti kó ìtànṣán jọ sójú ohun tó jókòó lé. Ibi tí àwọn ìtànṣán náà ì bá ti pàdé jìn kọjá ibẹ̀, bí oòrùn bá sì mú, omi á ti fà gbẹ. Ẹ tún wo àmì náà fúnra rẹ̀ dáadáa. Etí rẹ̀ ló funfun jù, àárín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Iná tó bá jó nǹkan láti inú awò, àárín ni yóò lu. Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Chicago ṣàlàyé ohun tó ń ṣe irú òrùka bẹ́ẹ̀: etí ẹ̀kán omi ló ń yára gbẹ, omi tó wà láàárín á máa ṣàn lọ dí i, á sì máa kó ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ sí etí.

Kí ló wà nínú rẹ̀? Kálísíọ́mù àti maginísíọ́mù tí omi yọ́ mọ́ra láti inú òkúta àti ilẹ̀ tó gbà kọjá. Èèpá funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù náà ni. Omi tí ọṣẹ kì í fẹ́ hó nínú rẹ̀ ló ní in jù. Ẹ kán omi ẹ̀rọ kan sórí dígí dúdú, ẹ kán omi mímọ́ tí a fi ń kún bátìrì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ (kì í ṣe ásíìdì bátìrì o), ẹ gbé e sínú yàrá tí oòrùn kò dé. Nígbà tí méjèèjì bá gbẹ, ti omi ẹ̀rọ á fi àmì sílẹ̀, ti bátìrì kò ní fi nǹkan kan tó ṣe é rí sílẹ̀. Oòrùn kò sí níbẹ̀, àmì sì jáde.

Òótọ́ ni pé kò yẹ kí a fọ ọkọ̀ nínú oòrùn, ìdí tí wọ́n ń sọ ni kò tọ̀nà. Ooru ń mú kí omi àti ọṣẹ gbẹ mọ́ ọkọ̀ kí ọwọ́ wa tó dé ibẹ̀. Bí ohun tó gbẹ yẹn bá sì pẹ́ lórí irin tó ń gbóná lójoojúmọ́, ó lè jẹ wọ inú ọ̀dà òkè, tí fífọ̀ lásán kò ní lè mú un kúrò mọ́.

Nítorí náà, iṣẹ́ tó wà nínú fífọ ọkọ̀ nílé ni pé kí iyanrìn kúrò kí ọwọ́ tó kan ọ̀dà, kí omi sì kúrò kó tó gbẹ. Ẹ gbé ọkọ̀ sí abẹ́ ibòòji, kí bọ́nẹ́ẹ̀tì tutù débi tí àtẹ́lẹwọ́ lè sinmi lé e. Ẹ kọ́kọ́ fọ táyà àti rímù pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tiwọn, torí lúbúlúbú irin tó ń jáde lára bíréèkì wà níbẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ dé òkè. Lẹ́yìn náà kí omi púpọ̀ ṣàn láti òrùlé wá sísàlẹ̀, láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ̀rọ tó ń tú omi pẹ̀lú agbára wúlò níbí, àmọ́ kò lè dá a ṣe tán. Eruku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan á ṣì lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ tí aṣọ nìkan lè mú kúrò.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ni kí ẹ lò, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún omi lásán. Ẹ ti aṣọ bọ inú ọṣẹ, ẹ fọ ibi kékeré kan, bí ìdajì bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí ilẹ̀kùn kan, ẹ wá ṣàn án dáadáa nínú omi lásán, ẹ fún un, kó tó padà sínú ọṣẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka èyí sí àṣejù. Kí ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀ rọra da omi lásán náà nù nígbà tó bá parí, kó wo ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Iyanrìn tó máa bá níbẹ̀, orí ọ̀dà ni ì bá máa fi aṣọ yí i bó bá jẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ló lò. Òrùlé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti bọ́ḿpà gbẹ̀yìn. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ wúwo. Ìbọ̀wọ́ ìfọkọ̀ tí wọ́n fi microfiber onírun gígùn (aṣọ tí fọ́nrán rẹ̀ tín-ín-rín gan-an) ṣe dára ju fóòmù lọ, torí iyanrìn lè wọ àárín irun rẹ̀; lójú fóòmù, ṣe ló máa dúró tì í. Bí aṣọ bá já bọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí fún ọjọ́ yẹn.

Ẹ má jẹ́ kí ọṣẹ gbẹ níbìkan. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣàn án kúrò, ẹ yọ ẹnu rọ́bà omi, kí omi máa ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti òkè láìtú ká. Á máa fa àwọn ẹ̀kán kéékèèké lọ pẹ̀lú ara rẹ̀, ohun tó kù láti nù á sì dín kù gan-an. Ẹ wá tẹ́ táwẹ̀ẹ̀lì microfiber tó mọ́ sórí rẹ̀, ẹ rọra fà á. Ẹ má gbàgbé ẹ̀yìn dígí ẹ̀gbẹ́ àti etí ilẹ̀kùn, omi máa ń sá pamọ́ síbẹ̀ títí ẹ ó fi rò pé ẹ ti parí. Ẹ fọ àwọn aṣọ wọ̀nyí lọ́tọ̀, ẹ má fi èròjà tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i, torí kì í jẹ́ kí wọ́n lè fa omi mọ́.

Àmì omi tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí kò tíì jẹ wọlé, fínígà funfun lè yọ́ ọ. Ẹ pò ó mọ́ omi ní ọgbọọgba, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ sí i fún ìṣẹ́jú kan lórí ọkọ̀ tó tutù, ẹ ṣàn án kúrò pátápátá. Ìlà wẹ́wẹ́ ní tirẹ̀ kò ní oògùn tó rọrùn. Wáàsì máa ń bò ó mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Pólíìṣì ló ń mú un kúrò ní tòótọ́, nípa bíbó díẹ̀ nínú ọ̀dà òkè, ọ̀dà tí kò nípọn tó irun orí yẹn, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà. Ẹni tó bá ń pólíìṣì lọ́dọọdún, tí kò yí bó ṣe ń fọ ọkọ̀ padà, ó ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fa èékánná kọjá lórí ìlà náà. Bó bá kọ́ ọ, ó ti jìn ju ohun tí a lè dán kúrò láìséwu. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń wọn nínípọn ọ̀dà ni kó wò ó.