Ibi tí "con man" ti wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní fún ẹni tí ń ṣe gbájúẹ̀, "con man" wà lára àwọn tí a mọ ìlú àti ọdún tí wọ́n ti jáde. "Confidence man" ni odindi rẹ̀, èyíinì ni ọkùnrin ìgbẹ́kẹ̀lé, ìlú New York ni ó sì ti gbajúmọ̀ ní ọdún 1849, nítorí ìwà ọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ William Thompson.

Thompson kì í fọ́lé, kì í sì í yọ ọ̀bẹ sí ẹnikẹ́ni. Yóò múra bí ọmọlúwàbí, yóò kí ọkùnrin tí ó bá rí jájẹ ní ìgboro bí ẹni pé wọ́n ti mọra tipẹ́, wọn yóò sì jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò bi í léèrè bóyá ó ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú òun tó láti fi aago rẹ̀ síkàáwọ́ òun di ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó bá rò pé ojúlùmọ̀ òun tí òun ti gbàgbé ni yóò yọ aago fún un, Thompson yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn gan-an ni gbogbo iṣẹ́ náà, nítorí ó ṣòro fún ẹni tí a kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé láti wí lójúkojú pé òun kò fọkàn tán ẹni tí ń rẹ́rìn-ín sí òun. New York ìgbà náà sì kún fún àlejò. Àwọn olùgbé rẹ̀ ti lé ní 500,000 ní ọdún 1850, aṣọ àti ìṣesí ni a sì sábà fi ń mọ irú ẹni tí èèyàn jẹ́.

Thomas McDonald wà lára àwọn tí ó kó sí i lọ́wọ́. Ní oṣù Karùn-ún ó fún un ní aago wúrà tí iye rẹ̀ jẹ́ 110 dọ́là, ṣùgbọ́n ní oṣù Keje ó rí i ní òpópónà Liberty, ó sì pe ọlọ́pàá. Ìwé ìròyìn New York Herald ròyìn bí wọ́n ṣe mú un, orúkọ "confidence man" sì ràn káàkiri. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìwé ìròyìn kan náà kọ̀wé pé kékeré ni ti Thompson lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn olówó Wall Street, òpópónà àwọn ilé-iṣẹ́ owó ní New York, tí ń kó owó àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé wọn. Mo gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ní ọdún 1857 Herman Melville fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àkọlé ìwé ìtàn-àròsọ rẹ̀. Kí ọ̀rúndún yẹn tó parí, àwọn èèyàn ti gé e kúrú sí "con man".