Bí a ṣe ń to ọjà sínú fáìlì fún ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó ní ọjà mẹ́wàá péré lè jókòó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó máa tẹ̀ wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọjà bá ti di igba, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọjà kan ṣoṣo ní orúkọ, iye owó, àlàyé, ìsọ̀rí, iye tó kù nílẹ̀ àti àwòrán mẹ́ta mẹ́rin, gbogbo ojú ewé tí a bá sì ṣí láti kọ wọ́n ló ń jẹ dátà. Ní ìpínlẹ̀ Kogí níbí, ní Ìsánlú, ní Mọ̀pà, pàápàá ní àwọn abúlé Bùnú, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa dúró títí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ á fi parí. Fáìlì ló ń yanjú rẹ̀. Nílé, láìlo dátà, láìkánjú, a ó to gbogbo ọjà sínú Excel, ètò kọ̀ǹpútà tó ní ìlà àti àpótí tí à ń kọ nǹkan sí. Ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dáa, a ó gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ṣọ́ọ̀bù á sì sọ ìlà kọ̀ọ̀kan di ọjà.

Inú fáìlì yẹn ni ọ̀pọ̀ wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, kó tó dé ṣọ́ọ̀bù rárá. Ẹ̀rọ tó ń kà á kò mọ ohun tí èèyàn ní lọ́kàn. Ohun tó bá bá nínú àpótí ló máa gbà. Èyí tó tún burú ni pé Excel fúnra rẹ̀ máa ń yí nǹkan padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

CSV ni irú fáìlì tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń gbà. Bí a bá fi Notepad ṣí i, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ lásán ni: ọjà kan ní ìlà kan, kọ́mà ló sì ń pààlà láàárín nǹkan kan àti èkejì. Kò sí àwọ̀ níbẹ̀, kò sí lẹ́tà tó nípọn, kò sí ìṣirò. Ìlà àkọ́kọ́ ló gbé akọlé àwọn òpó, ìyẹn àwọn ohun tó tò láti òkè dé ìsàlẹ̀. WooCommerce, ètò ṣọ́ọ̀bù tí à ń fi sórí ìkànnì WordPress, tó ti ń gba CSV fúnra rẹ̀ láti ọdún 2017, ń lo akọlé bíi SKU, Name, Regular price, Stock, Categories àti Images. Shopify, ibòmíràn tí à ń ṣí ṣọ́ọ̀bù sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, wọn ò bára mu. Kò sídìí láti há wọn sórí. Kí a fọwọ́ tẹ ọjà méjì wọ ṣọ́ọ̀bù, kí a ní kó kó wọn jáde sí CSV, kí a wá máa kọ ìyókù sábẹ́ akọlé tí òun fúnra rẹ̀ gbé jáde. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní ṣi akọlé kọ.

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní Kàbà àti Ìyàrá ló ń gbé àkọsílẹ̀ ọjà wọn lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kí wọ́n bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ohun tó mọ́ àwọn tó ń tẹ̀wé lára ni ìwé tí wọ́n máa tẹ̀ jáde lórí pépà, nítorí náà wọ́n á fi orúkọ ilé iṣẹ́ sókè gàdàgbà, wọ́n á da àpótí mẹ́rin pọ̀ di ọ̀kan kó lè dùn ún wò, wọ́n á fi ₦ síwájú owó, wọ́n á ṣe àròpọ̀ sísàlẹ̀. Ó dára lójú, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù á ka orúkọ ilé iṣẹ́ yẹn sí akọlé òpó, á sì ka àròpọ̀ sísàlẹ̀ sí ọjà kan. Ó yẹ kí a sọ fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀: akọlé ní ìlà àkọ́kọ́, ọjà kan ní ìlà kan, nǹkan kan ṣoṣo nínú àpótí kan, kò gbọdọ̀ sí ìlà òfìfo láàárín.

Òpó tó ṣe pàtàkì jù ni SKU, kóòdù tí a fi dá ọjà mọ̀. Orúkọ lè yí padà, owó lè gòkè, àwòrán lè di tuntun, ṣùgbọ́n kóòdù ni ṣọ́ọ̀bù máa wò láti mọ̀ bóyá ọjà yìí ti wà tẹ́lẹ̀. Bí ọjà méjì bá ní kóòdù kan náà, ọ̀kan máa bọ́ sílẹ̀. Kóòdù tó dáa kúrú, lẹ́tà lásán àti nọ́ńbà ló wà nínú rẹ̀, kò ní àmì ohùn: ASO-OGD-014 fún aṣọ kẹrìnlá láti Ògìdì, KOF-KAB-002 fún ike kọfí Kàbà kejì. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà. Ìdí rèé.

Bí a bá kọ 0045 sínú Excel, á yọ òdo iwájú kúrò, á sọ ọ́ di 45, torí ó gbà pé nọ́ńbà ìṣirò ni. Nọ́ńbà fóònù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080 náà á di 80. Ẹni tó ń ta aṣọ ọmọdé tó kọ 10-12 sí òpó ọjọ́ orí, tó túmọ̀ sí ọmọ ọdún mẹ́wàá sí méjìlá, á bá 12-Oct tàbí 10-Dec níbẹ̀, torí Excel ti kà á sí ọjọ́ inú oṣù. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ oníṣòwò: ní ọdún 2020, ìgbìmọ̀ tó ń fún àbùdá inú ara èèyàn lórúkọ yí orúkọ àwọn kan padà, MARCH1 di MARCHF1, torí Excel ń sọ wọ́n di oṣù kẹta ọdún nínú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì káàkiri ayé.

Báákóòdù ló tún léwu jù. Nọ́ńbà mẹ́tàlá ni báákóòdù ara páálí, 615 sì ni àwọn tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ ní Nàìjíríà fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ sínú Excel lásán, ohun tí a máa rí lójú ni 6.15E+12. Nọ́ńbà gidi ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n bí a bá tọ́jú fáìlì sí CSV, ohun tó hàn lójú ni Excel máa kọ síbẹ̀, ìyókù á sì sọnù. Nígbà tí a bá tún un ṣí, gbogbo báákóòdù inú òpó yẹn lè ti di nọ́ńbà kan náà. Ojútùú rẹ̀ kò le: kí a tó tẹ ohunkóhun, kí a yan odidi òpó náà, kí a sọ irú rẹ̀ di Text. Kí á ṣe é fún SKU, báákóòdù, fóònù àti ìwọ̀n aṣọ. Bí a bá ṣe é lẹ́yìn tí Excel ti yí wọn padà, kò lè dá ohun tó ti lọ padà.

Iye owó ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà lásán: 12500. Kò nílò ₦, torí ìṣètò ṣọ́ọ̀bù ni a ti ń sọ irú owó tí à ń ná. Kò nílò kọ́mà náà, torí kọ́mà ló ń pààlà nínú CSV. Ẹni tó bá fi ọwọ́ kọ 12,500 nínú Notepad ti fi náírà méjìlá ta ọjà rẹ̀, 500 á sì bọ́ sí òpó tó tẹ̀ lé e, á ti gbogbo nǹkan yòókù kúrò ní àyè wọn. Kọ́mà inú àlàyé ọjà kò léwu bí Excel bá wà nídìí iṣẹ́, torí á fi àmì àyọlò ká gbogbo gbólóhùn náà mọ́. Àmì ínṣì ni kí a yẹra fún. Fífẹ̀ aṣọ tí a bá kọ báyìí, 14", lè jẹ́ kí ẹ̀rọ rò pé àyọlò ló ń parí níbẹ̀, kí á kọ “ínṣì 14” kó tán síbẹ̀.

Ibi tó yẹ kí àwa tó ń kọ orúkọ ọjà lédè Yorùbá ti dúró dáadáa nìyí: àwọn lẹ́tà wa. Orúkọ tí wọ́n ń pe aṣọ kan ní Ìjùmú tàbí ní Yàgbà jẹ́ ara ọjà náà. Ògìdì, ìlú tí Nike Davies-Okundaye, gbajúgbajà oníṣẹ́ ọnà aṣọ, ti wá, jẹ́ ibi tí aṣọ híhun ti lórúkọ, kò sì bójú mu kí irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ dé iwájú oníbàárà ní Àbújá tàbí Lọ́ndọ̀nù pẹ̀lú orúkọ tó ti bàjẹ́.

Bó ṣe ń bàjẹ́ rèé. Ọ̀nà àtijọ́ kan tí Windows fi ń tọ́jú lẹ́tà, tí wọ́n ṣe fún èdè ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù, ní ò, ó, è àti à, ṣùgbọ́n kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Bí a bá wá yan “CSV (Comma delimited)” nígbà tí à ń tọ́jú fáìlì, ọ̀nà àtijọ́ yẹn ni Excel sábà máa ń lò, “aṣọ òkè” á sì di “a?? òkè”. Òkè yè, aṣọ kò yè. Lẹ́tà tó bá ti di àmì ìbéèrè báyìí ti lọ pátápátá. Inú fáìlì kò sí ohun tó lè jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tó yẹ kí a yàn ni “CSV UTF-8”, tó wà nínú Excel tòde òní; UTF-8 ni ọ̀nà ìtọ́jú lẹ́tà tó gba gbogbo lẹ́tà wa. Google Sheets kì í fún wa ní wàhálà yìí, UTF-8 ló máa ń gbé jáde nígbàkigbà, LibreOffice sì máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni.

Ìbàjẹ́ kejì jọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ní àtúnṣe. UTF-8 ń fi báìtì mẹ́ta, ìyẹn ẹyọ dátà kéékèèké mẹ́ta, tọ́jú ṣ. Bí a bá tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì kí Excel ṣí i, ó lè ka báìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí lẹ́tà mẹ́ta, ṣ á di á¹£, ẹ á di áº¹. Àyà kì í ṣàì já ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i. Kò tíì sí ohun tó sọnù níbẹ̀. Kí á má ṣe tọ́jú fáìlì náà, kí á tì í, kí á ṣí ìwé Excel tuntun, kí á lọ sí Data, kí á yan From Text/CSV, kí á sì yan “65001: Unicode (UTF-8)”. Gbogbo lẹ́tà á padà sí àyè wọn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó fara sin. Kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀ nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò káàkiri ayé. Ẹ àti àmì ohùn ni à ń so pọ̀. Pátákó ìtẹ̀wé kan máa fi àmì abẹ́ ṣáájú, òmíràn á fi àmì orí ṣáájú. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, ètò kan máa kà wọ́n sí ọ̀kan, òmíràn ò ní gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ìsọ̀rí kan bá ti wà, bí i “Aṣọ > Aṣọ òkè”, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láti ìlà kan sí òmíràn, ẹ má tún un tẹ̀. Àmì > yẹn ni WooCommerce fi ń mọ̀ pé ìsọ̀rí kejì wà lábẹ́ ti àkọ́kọ́. Ẹni tó ń wá ọjà lórí fóònù kì í sábà tẹ àmì, torí náà ó dáa kí a kọ orúkọ náà láìlámì lẹ́ẹ̀kan nínú àlàyé, kí a jẹ́ kí òpó Name gbé orúkọ náà ní pípé.

Ọjà tó ní ẹ̀yà púpọ̀ ń gba ìlà ju ọ̀kan lọ. Bí ìró kan bá wà ní pupa, búlúù àti funfun, WooCommerce fẹ́ ìlà mẹ́rin. Ìlà ìyá ni àkọ́kọ́: variable ni irú rẹ̀ lábẹ́ Type, ó ní SKU tirẹ̀, a ó sì to àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpótí kan. Ìlà ọmọ mẹ́ta á tẹ̀ lé e, variation ni irú wọn, àwọ̀ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó tirẹ̀, iye tirẹ̀. SKU ìyá ni a ó kọ sí òpó Parent. Ọmọ tí a kò bá kọ ìyá rẹ̀ kò ní rí ibi dúró sí.

Àwòrán kì í wọ inú CSV. Ìdí nìyẹn tí fáìlì ẹgbẹ̀rún ọjà fi lè fúyẹ́; Shopify kò tiẹ̀ gba èyí tó bá ju 15 MB lọ. Lìǹkì àwòrán ni à ń kọ, lìǹkì tó máa ṣí àwòrán gan-an fún ẹnikẹ́ni. C:\ tó wà lórí kọ̀ǹpútà ẹni kò wúlò fún ṣọ́ọ̀bù, lìǹkì tí a bá pín láti Google Drive náà sì ń ṣí ojú ewé tí àwòrán wà nínú rẹ̀, kì í ṣe àwòrán. Fún ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń yọ lẹ́nu, ó sàn kó kọ́kọ́ gbé gbogbo àwòrán sínú Media lórí WordPress nígbà tó bá dé ìgboro, kó wá kọ orúkọ fáìlì nìkan sí òpó Images: aso-oke-pupa-01.jpg. Bí a bá gbé àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì, WordPress á fi -1 kún orúkọ èkejì. Kí ẹni tó ń ya àwòrán ní oko kajú tàbí nídìí òfì sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bíi document, torí bí a bá fi ránṣẹ́ bí fọ́tò, WhatsApp á fún un pọ̀.

Nígbà tí fáìlì bá pé, ìlà márùn-ún ni kí a kọ́kọ́ gbé wọlé, kí ẹ̀yà wà nínú wọn, kí orúkọ tó ní àmì wà nínú wọn. Ṣọ́ọ̀bù á fi òpó fáìlì hàn lápá kan, á sì béèrè ohun tó bá wọn mu lápá kejì. Lẹ́yìn náà, kí a lọ wo ọjà márààrún lórí fóònù bí oníbàárà ṣe máa rí wọn. Bí ó bá péye, ìyókù lè wọlé.

Fún àtúnṣe, àpótí kan wà nínú WooCommerce tí à ń tẹ̀ láti sọ pé ọjà tó ti wà ni à ń tún ṣe. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ọjà tí SKU tàbí ID rẹ̀ bá mu á yí padà, èyí tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á kọjá láìwọlé. Ní Shopify, bí a bá ní kó fi tuntun rọ́pò ti àtijọ́, òpó tó wà nínú fáìlì ṣùgbọ́n tí àpótí rẹ̀ ṣófo á pa ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ́; òpó tí a kò fi sí fáìlì rárá kò ní kan nǹkan. Nítorí náà, nígbà tí owó òwú tàbí owó ọkọ̀ láti Kàbà bá gòkè, kò sídìí láti gbé odidi fáìlì padà sókè. Fáìlì kékeré olópó méjì ti tó ní WooCommerce, SKU àti Regular price, àwọn ọjà tí owó wọn yí padà nìkan ló sì máa wà nínú rẹ̀.