Ibi tí ìbéèrè "ṣé Jésù jíǹde lóòótọ́" ti bẹ̀rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ òrùka mẹ́ta

Ọdọọdún, tí ìsìn Àjíǹde bá ti parí báyìí tí oúnjẹ ti délẹ̀, ẹnì kan á ṣáà béèrè ẹ̀: ṣé lóòótọ́ ni Jésù jíǹde àbí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ ló kàn sọ bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ á wá di ariwo, àwọn kan á ní èṣù ló wọ̀ ọ́ nínú, àwọn míì á ní íntánẹ́ẹ̀tì ló bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè yẹn dàgbà ju gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń lọ lọ, inú Bíbélì gan-an ló ti jáde.

Ẹ ṣí Mátíù orí 28. Àwọn olórí àlùfáà fún àwọn ṣọ́jà tó ń ṣọ́ ibojì lówó (rìbá ni, ẹ jẹ́ ká pe orúkọ ẹ̀), wọ́n ní kí wọ́n máa sọ pé ìgbà táwọn sùn lọ ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn wá jí òkú gbé, Mátíù sì ní ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu àwọn Júù títí dìgbà tóun ń kọ̀wé. Ẹni tó ń sọ ìtàn náà fún wa ló tún sọ pé àwọn kan ò gbà á. Àwọn Sadusí, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn kan láàárín àwọn Júù, ò gbà pé òkú kankan lè jíǹde. Ní Áténì, bí Pọ́ọ̀lù ṣe dẹ́nu kan àjíǹde ni àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tó jọ mí lójú jù ni ti Kọ́ríńtì, torí ọmọ ìjọ làwọn yẹn o, wọ́n ti ṣèrìbọmi, wọ́n ń jẹ Oúnjẹ Olúwa, àwọn kan nínú wọn sì ń sọ pé kò sí àjíǹde òkú. Ní nǹkan bí ọdún 55 Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí wọn. Kò ní kí wọ́n lé wọn jáde torí ẹ̀, ńṣe ló ka àwọn tó rí Jésù fún wọn, tó ní àwọn tó lé ní 500 rí i lẹ́ẹ̀kan náà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè, ó wá là á mọ́lẹ̀ pé tí Kristi ò bá jíǹde, asán ni ìwàásù àwọn. Òun fúnra ẹ̀ ló fi gbogbo ọ̀rọ̀ náà sórí òṣùwọ̀n.

Ní nǹkan bí ọdún 178, Celsus tó jẹ́ onímọ̀ ọgbọ́n orí, tí kì í ṣe Kristẹni, kọ odindi ìwé tako ẹ̀sìn náà. Ó ní ta ló rí i? Obìnrin kan tí orí ẹ̀ ò pé. Ó ní tó bá jíǹde lóòótọ́, kí ló dé tí kò lọ fara han àwọn tó dá a lẹ́jọ́? Ó tó bí 70 ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn kí Origen, ọ̀mọ̀wé Kristẹni kan, tó dá a lóhùn pẹ̀lú ìwé mẹ́jọ, á kọ́kọ́ ṣe àdàkọ ohun tí Celsus sọ, á wá fèsì sí i. Ìwé Celsus fúnra ẹ̀ ti sọnù pátápátá, ohun tá a mọ̀ nínú ẹ̀, ọwọ́ Origen la ti rí i, ìyẹn ẹni tó ń bá a jà. Ti Porphyry, onímọ̀ ọgbọ́n orí míì, ò rí bẹ́ẹ̀, òun náà kọ̀wé tako àwọn Kristẹni, ṣùgbọ́n nígbà tó yá ìjọba bọ́ sọ́wọ́ Kristẹni, ní 448 wọ́n pàṣẹ kí wọ́n dáná sun ún. Èmi ṣá o, ọ̀nà Origen ló wù mí.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè la ẹnu ẹ̀ ní gbangba fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Thomas Woolston gbìyànjú ẹ̀, láàárín 1727 sí 1729 ó kọ̀wé lórí àwọn iṣẹ́ ìyanu Jésù, ó sì fi Àjíǹde parí ẹ̀, pẹ̀lú yẹ̀yẹ́ tó pọ̀ jù fún ìtọ́wò tèmi. Wọ́n gbé e lọ kóòtù, wọ́n bu owó ìtanràn lé e, wọ́n tì í mọ́lé, kò sì tíì gba òmìnira ẹ̀ tó fi kú ní 1733.

Irú nǹkan báyìí ni Hermann Samuel Reimarus wò ṣe tó fi dákẹ́. Wọ́n bí i ní Hamburg ní Jámánì ní 1694, èdè Hébérù ló ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, ẹni àpọ́nlé ni láàárín ìlú, ó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì bí gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n nílé, ó ń kọ ìwé ńlá kan tí kò fi han ẹnikẹ́ni àfi àwọn ọmọ ẹ̀ àti ọ̀rẹ́ díẹ̀. Ó kó ìwé ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síwájú, ó ń fi ọ̀kan wé èkejì. Obìnrin mélòó ló lọ síbi ibojì? Galili ló ti fara hàn wọ́n ni àbí Jerúsálẹ́mù? Kí ló dé tó jẹ́ Mátíù nìkan ló mẹ́nu ba ṣọ́jà, tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n gbé àwọn àpọ́sítélì lọ síwájú ìgbìmọ̀, ẹnì kankan nínú wọn ò sọ pé "ẹ lọ bi àwọn ṣọ́jà yín"? Ibi mẹ́wàá tí ìtàn náà ti ta kora ló tò sílẹ̀. Àwọn ìbéèrè yẹn lágbára gan-an, àwọn pásítọ̀ tó ka ìwé dáadáa ṣì ń bá wọn fà á dòní. Ìdáhùn tí òun náà wá fún ara ẹ̀ ni kò wọ̀ mí létí, ó ní àwọn ọmọ ẹ̀yìn ló jí òkú gbé. Lẹ́yìn gbogbo ìwádìí yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ṣọ́jà Mátíù 28 náà ló tún padà sí! Kò sì ṣàlàyé tó tẹ́ni lọ́rùn nípa bí èèyàn á ṣe gba ẹgba àti ẹ̀wọ̀n lórí nǹkan tó mọ̀ pé òun fọwọ́ ara òun jí.

Ó kú ní 1768 láì tẹ ìwé náà. Àwọn ọmọ ẹ̀, Elise àti Johann tó jẹ́ dókítà, ló mú un fún Gotthold Ephraim Lessing, tó ń kọ eré orí ìtàgé nígbà yẹn. Ọmọ pásítọ̀ ni Lessing. Nígbà tó di 1770 wọ́n fi í ṣe olùtọ́jú ilé ìkàwé Duke, olóyè tó ń ṣàkóso agbègbè náà, ní ìlú Wolfenbüttel, wọ́n sì fún un láyè pé kí àwọn tó ń yẹ ìwé wò fún ìjọba má yẹ tiẹ̀ wò. Ó lo àyè yẹn dáadáa. Ó ní òun rí ìwé kan nínú ilé ìkàwé tí òun ò mọ ẹni tó kọ ọ́ (irọ́ ni, ó mọ̀ ọ́n), ó wá ń tẹ̀ ẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1774 kì í ṣe nípa Àjíǹde rárá, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kí wọ́n gba àwọn tó ń fi làákàyè sin Ọlọ́run láàyè láwùjọ. Kò sẹ́ni tó kọbi ara sí i. Ní 1777 ló wá tẹ èyí tó dá lórí Àjíǹde, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé Lessing ò gba gbogbo ohun tí Reimarus sọ gbọ́. Ó kọ èsì tiẹ̀ mọ́ ọn, ó ní ìwé Bíbélì kọ́ ni ẹ̀sìn, àwọn èèyàn ti jẹ́ Kristẹni kí wọ́n tó kọ ìhìnrere kankan. Ó ní Àjíǹde lè jẹ́ òótọ́ bí àwọn tó kọ ọ́ tiẹ̀ ta kora, torí ẹlẹ́rìí tó bá rí nǹkan kan náà kì í sọ ọ́ bákan náà. Ìṣòro tiẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ pé òun rí lọ́jọ́ tó ti pẹ́, báwo ni èmi tí mi ò rí i á ṣe fi gbogbo ayé mi lé e? Ó ní kòtò ńlá kan ló wà níbẹ̀ tí òun ò lè fò kọjá, bó ti wù kí òun gbìyànjú tó.

Àárín ìjà yìí ni ìyàwó ẹ̀, Eva, bímọ fún un nígbà Kérésìmesì 1777. Ọmọ náà kú lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní 1778 ìyá ọmọ náà tẹ̀ lé e. Ìgbà òtútù yẹn náà ni Lessing ń kọ èsì sí àlùfáà kan ní Wolfenbüttel lórí Àjíǹde. Ẹni tó bá ń pè é ní ẹlẹ́yà, kó rántí pé ilé tí òkú méjì ti jáde ló jókòó sí tó ń kọ ọ́.

Alátakò ẹ̀ tó gbóná jù ni Johann Melchior Goeze, pásítọ̀ àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Katharinen ní Hamburg. Àwọn èèyàn máa ń sọ ọ́ bíi pé òpè ni, kì í ṣe òpè o, Bíbélì onírúurú ló kó jọ, ó kàwé. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ìjọ. Ó ní tí àwọn ọ̀mọ̀wé bá fẹ́ jiyàn irú nǹkan báyìí, kí wọ́n fi èdè Látìn jà á kí àwọn mẹ̀kúnnù má bàa kà á. Lessing kọ lẹ́tà 11 lu Goeze, ahọ́n ẹ̀ mú bí abẹ. Nígbà tó di oṣù keje 1778, Duke gba àyè pé kí wọ́n má yẹ ìwé ẹ̀ wò yẹn padà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wá kọ̀wé sí Elise Reimarus pé òun á wò ó bóyá wọ́n á jẹ́ kí òun wàásù lórí pẹpẹ òun àtijọ́, ìyẹn orí ìtàgé.

Ohun tó jáde níbẹ̀ ní 1779 ni Nathan der Weise, Nathan Ọlọ́gbọ́n. Jerúsálẹ́mù ni, nígbà ogun Kristẹni àti Mùsùlùmí. Nathan jẹ́ Júù, àwọn Kristẹni ti dáná sun ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọkùnrin ẹ̀ méje, ó sì gba ọmọ Kristẹni kan tọ́. Ọba Saladin pè é, ó ní nínú ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti Júù, ti Kristẹni àti ti Mùsùlùmí, èwo ni òótọ́? Nathan ní bàbá kan ní òrùka kan tí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á níyì níwájú Ọlọ́run àti èèyàn, ó ní ọmọ mẹ́ta, ó fẹ́ràn gbogbo wọn, ló bá ṣe méjì sí i tó jọ ọ́. Bàbá kú, ìjà dé. Adájọ́ ní òun ò mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó, kí kálukú gbà pé tòun ni, kó sì fi ìwà ẹ̀ hàn, lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ẹgbẹ̀rún ọdún adájọ́ tó gbọ́n ju òun lọ á dá a.

Ìtàn òrùka yẹn ti wà tipẹ́ kí Lessing tó lò ó. Tiẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí Nathan sọ láàárín: gbogbo ẹ̀sìn ló dúró lórí ìtàn tí àwọn kan sọ fún wa, ta sì lèèyàn á gbà gbọ́ tí kì í ṣe àwọn òbí tó bí i, tí wọn ò tàn án jẹ rí? Báwo ni mo ṣe máa ní kí o pe bàbá rẹ lónírọ́ kí ó lè bá ti bàbá mi mu? Ẹ ò rí i pé kòtò yẹn náà ni. Ohun tí kò jẹ́ kó lè fi ẹ̀rí ìtàn sọ pé Àjíǹde dá òun lójú ni kò jẹ́ kó lè fojú tín-ínrín ẹni tó gbà á. Ọmọ Yorùbá tí bàbá ẹ̀ jẹ́ Alhaji tí ìyá ẹ̀ ń kọrin ní kúáyà mọ ọ̀rọ̀ yìí dénú. Kùránì, Súrà 4 ẹsẹ 157, ní wọn ò pa á, wọn ò kàn án mọ́ àgbélébùú, bẹ́ẹ̀ Alhaji náà á jẹ ìrẹsì Ọdún Àjíǹde.

Moses Mendelssohn, ọ̀rẹ́ Lessing tó jẹ́ Júù ní Berlin, ni wọ́n ní ó fi ṣe àwòkọ Nathan. Ní 1769, Lavater, pásítọ̀ kan ní Zürich, pè é níjà nínú ìwé pé kó fi ẹ̀rí já ẹ̀sìn Kristẹni nírọ́ tàbí kó gbà á. Ẹ wo ìdẹkùn yẹn, níbi tó jẹ́ pé ìjọba ló ń fún Júù láyè láti gbé ìlú! Mendelssohn fèsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ẹ̀sìn òun ò ní kí òun yí ẹnikẹ́ni padà, pé olódodo wà nínú gbogbo orílẹ̀-èdè. Lavater tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti sọ Mendelssohn di aláìsàn.

Lessing kú ní 1781, wọn ò tíì ṣe Nathan lórí ìtàgé, ọdún 1783 ni wọ́n ṣe é ní Berlin. Nígbà tí Hitler lé àwọn òṣèré Júù kúrò níbi iṣẹ́, eré yìí ni ẹgbẹ́ tiwọn fi ṣí ìtàgé ní 1933, òun náà sì ni Deutsches Theater, ilé eré kan ní Berlin, fi padà ṣílẹ̀kùn ní oṣù kẹsàn-án 1945. Ti ìwé Reimarus, ọdún 1814 ni ọmọ ẹ̀ tó sọ pé bàbá òun ló kọ ọ́. David Friedrich Strauss, ọ̀mọ̀wé ẹ̀kọ́ Bíbélì kan ní Jámánì, tó tún gbé irú ìbéèrè yẹn dìde ní 1835 pàdánù iṣẹ́ ẹ̀ ní Tübingen. Odindi ìwé náà, ìdìpọ̀ méjì, ọdún 1972 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn ọdún 204 tí ẹni tó kọ ọ́ ti kú, kò sì sí pásítọ̀ kankan tó bínú sí i mọ́.