Galveston: Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Ilé Àtijọ́ Han Àlejò Nílùú Tí Wọ́n Gbé Ilẹ̀ Rẹ̀ Sókè

Níwájú Ashton Villa, ní òpópónà Broadway nílùú Galveston, ọgbà irin kan wà tó kúrú ju bó ṣe yẹ ilé ńlá bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé alágbẹ̀dẹ ṣahun irin. Ìsàlẹ̀ ọgbà náà ló wà nínú ilẹ̀. Ọdún 1859 ni oníṣòwò kan tó ń jẹ́ James Moreau Brown kọ́ ilé yìí, kó tó di pé wọ́n da iyanrìn sí gbogbo àdúgbò náà. Iyanrìn yẹn ló gbé ìdí ọgbà mì, òun náà ló sì kún inú yàrá abẹ́ ilé. Àlejò tó bá wá wo ilé àtijọ́ nílùú yìí sábà máa ń gbójú sókè wo òrùlé àti iṣẹ́ ọnà ara igi. Ẹsẹ̀ ilé ló yẹ kó kọ́kọ́ wò.

Erékùṣù tẹ́ẹ́rẹ́ ni Galveston, ní etíkun ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Òkun wà níwájú rẹ̀, ọ̀sà wà lẹ́yìn. Òwú àti èbúté ló sọ ọ́ di ìlú olówó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, owó yẹn ni wọ́n sì fi kọ́ àwọn ilé tí ayé ń wá wò lónìí. Ṣùgbọ́n ibi tó ga jù nínú ìlú nígbà náà kò tó ẹsẹ̀ bàtà 9 sí ojú òkun. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1900, ìjì líle ti omi tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 15 wọ ìlú. Àwọn tó kú kò dín ní 6,000. 8,000 ni iye tí ọ̀pọ̀ òpìtàn ń lò. Nǹkan bí ilé 3,600 ló wó. Títí dòní, kò sí àjálù ojú ọjọ́ mìíràn tó pa èèyàn tó bẹ́ẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà.

Kí ló wá dé tí àwọn ilé kan kò fi wó? Òótọ́ ni pé àwọn kan lágbára. Òkúta àti irin ni Nicholas Clayton, ayàwòrán ilé, fi kọ́ ilé agbẹjọ́rò Walter Gresham láàárín ọdún 1887 sí 1893, ilé tí wọ́n ń pè ní Bishop's Palace báyìí. Kò mì, àwọn tó sá àsálà sì fi ṣe ibi ìsádi. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé tó yè jẹ́ ilé pákó lásán. Ibi tí wọ́n wà ló gbà wọ́n. Omi kọ́kọ́ wó àwọn ilé tó sún mọ́ òkun, ó sì ń ti àwókù wọn bọ̀ wá sínú ìlú bí ẹni ń gba ilẹ̀. Pákó, òrùlé, àga, ibùsùn, gbogbo rẹ̀ wọ́ jọ di òkítì gígùn kan tó dúró bí odi, ìgbì sì ń lu odi yẹn dípò àwọn ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Aládùúgbò ló fi ilé tirẹ̀ ra ilé ẹnì kejì padà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè.

Ìjì náà tún dá ọgbọ́n kan rú. Lẹ́yìn tí iná jó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé ní 1885, òkúta pẹlẹbẹ ni ọ̀pọ̀ onílé fi bo òrùlé kí iná má baà tún ràn án. Ní 1900, atẹ́gùn ṣí àwọn òkúta náà kúrò, ó ń fi wọ́n sọ̀kò kiri ojú pópó, wọ́n sì ṣá àwọn tó ń sá lọ balẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìlú gbé iṣẹ́ tó jẹ́ kí ìrìn-àjò ilé wíwò ṣeé ṣe lónìí lé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ mẹ́ta lọ́wọ́: Henry M. Robert, Alfred Noble àti H. C. Ripley. Àbá wọn jẹ́ méjì. Àkọ́kọ́ ni ògiri kọnkéré létí òkun, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 17. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1902, wọ́n sì parí apá àkọ́kọ́ ní 1904. Àfikún tí wọ́n ń ṣe sí i láti ìgbà náà ti mú kó gùn ju máìlì 10 lọ. Èkejì ló yani lẹ́nu. Kí wọ́n gbé ilẹ̀ ìlú fúnra rẹ̀ sókè, kó ga jù lẹ́yìn ògiri, kó sì máa dà gẹ̀rẹ́ lọ sí ìhà ọ̀sà kí omi lè rí ibi ṣàn lọ.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí. Wọ́n gbẹ́ ipa omi kan gba àárín àdúgbò ibùgbé kọjá, wọ́n sì kọ́kọ́ gbé àwọn ilé tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ kúrò. Ọkọ̀ ojú omi tí ń hú iyanrìn á lọ kó ẹrù nínú omi, á gba ipa yẹn wọlé, á wá fi páìpù tu iyanrìn pẹ̀lú omi sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti fi ebè yí ká. Omi á ṣàn lọ, iyanrìn á kù nílẹ̀. Kí iyanrìn tó dé àdúgbò kan, gbogbo ilé ibẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ gbé sókè gbọ́dọ̀ ti gòkè. Jáàkì, irin tí wọ́n ń yí kó lè ti ẹrù sókè, ni wọ́n ń tò sábẹ́ ilé, àwọn òṣìṣẹ́ á sì jọ máa yí i díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí ilé má baà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣọ́ọ̀ṣì St. Patrick, tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 3,000, gba jáàkì 700 kó tó gòkè ní ẹsẹ̀ bàtà 5. Ilé tó ju 2,000 lọ ni wọ́n gbé báyìí, pẹ̀lú páìpù omi àti ojú irin tráàmù. Owó ìlú àti ti ìjọba ló san ti iyanrìn, ṣùgbọ́n onílé ló ń fi owó ara rẹ̀ gbé ilé rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orí pákó gíga ni àwọn aráàlú ń rìn, ẹrẹ̀ tó ń rùn wà nísàlẹ̀ wọn, iyọ̀ sì pa igi àti òdòdó tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún 1911 ni iṣẹ́ náà tó parí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àlejò ni pé apá owó onílé hàn lára ilé rẹ̀ títí dòní. Ẹni tó lówó tó sì fẹ́ àyè gbé ilé rẹ̀ kọjá ibi tí iyanrìn máa dé, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé pákó kan fi dúró lórí òpó bíríkì, tí àtẹ̀gùn ń gòkè lọ sí faranda wọn. Ẹni tí kò lágbára rẹ̀, tàbí tí ilé rẹ̀ wúwo jù, jẹ́ kí iyanrìn kún yàrá ìsàlẹ̀. Tí àtẹ̀gùn ilé ńlá kan bá kéré lójú, tí fèrèsé ìsàlẹ̀ bá fẹ́ẹ̀ kanlẹ̀, a jẹ́ pé apá kan ilé náà ṣì ń bẹ lábẹ́ ilẹ̀. Olùṣàlàyé tó bá mọṣẹ́ á tọ́ka sí i. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n á sáré lọ sọ ìtàn àga inú pálọ̀.

Oríṣi ìrìn-àjò méjì ló wà. Èyí tó rọrùn ni ti àwọn ilé tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, bíi Bishop's Palace àti Moody Mansion tí wọ́n kọ́ ní 1895: àlejò á ra tíkẹ́ẹ̀tì, á wọlé. Èkejì ni ti oṣù Karùn-ún, tí àjọ Galveston Historical Foundation ń ṣètò lópin ọ̀sẹ̀ méjì. Ilé tí èèyàn ń gbé gan-an ni wọ́n ń ṣí fún aráyé nígbà yìí, wọn kì í sì í sábà tún èyí tí wọ́n fi hàn lọ́dún kan ṣí lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ló ń gbéni wọ gbogbo wọn. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni máa ń dúró káàkiri inú ilé: wọ́n ń sọ ìtàn, wọ́n sì ń ṣọ́ ohun tí kò yẹ kí ọwọ́ kàn. Bàtà onígìgísẹ̀ ṣóńṣó kò bá ilẹ̀ pákó àtijọ́ mu rárá. Ó sàn kéèyàn yan ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó sì wò wọ́n dáadáa, ju kó máa to ìlà kiri torí pé ó ti sanwó gbogbo rẹ̀.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì ń padà sínú iṣẹ́ ìtọ́jú ilé àtijọ́. Láti àwọn ọdún 1970 ni àjọ yìí ti ń lo owó kan tó ń yípo: wọ́n á ra ilé tó fẹ́ bàjẹ́, wọ́n á tà á fún ẹni tó máa tún un ṣe, wọ́n á sì kọ àdéhùn mọ́ ìwé ilé náà pé ẹni tó rà á kò gbọ́dọ̀ wó o tàbí yí ojú rẹ̀ padà. Owó tó bá wọlé, òun ni wọ́n fi ń ra òmíràn. Ìlú náà ní òfin tirẹ̀. Ní àdúgbò tí wọ́n ti kà sí ti ìtàn, onílé gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó fọwọ́ kan ìta ilé, ìbáà ṣe fèrèsé. Ní ti ìkún omi, òfin àpapọ̀ sọ pé bí àtúnṣe ilé kan bá tó ìdajì iye owó rẹ̀, onílé gbọ́dọ̀ gbé e ga tó òdiwọ̀n tòde òní. Ilé ìtàn lè yọ nínú ìyẹn, bí àtúnṣe náà kò bá ti ba ohun tó sọ ọ́ di ilé ìtàn jẹ́. Àyè yìí ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn dà bí ilé tí wọ́n gbé ka orí igi. Ìdójútòfò nìkan ni kò mọ ojú ìtàn: ti ìjì lọ́tọ̀, ti ìkún omi lọ́tọ̀, onílé á san méjèèjì.

Àtúnṣe fúnra rẹ̀ ń bá iyọ̀ jà ju bó ṣe ń bá atẹ́gùn jà lọ. Bíríkì àtijọ́ rọ̀, ó ń mu omi, ó sì ń tú u jáde. Láìmù, ìyẹn ẹfun ìkọ́lé, tí wọ́n fi mọ ọ́n náà rọ̀, ó ń jẹ́ kí ògiri mí. Tí ẹnì kan bá wá fi sìmẹ́ǹtì líle dí ojú rẹ̀, omi oníyọ̀ á há sínú, bíríkì á máa bó bí èèpo. Ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n fi ń padà sí láìmù. Fèrèsé gíga, àjà gíga àti ilẹ̀kùn fèrèsé onípákó kì í ṣe afẹ́ lásán: wọ́n ń fa atẹ́gùn wọlé, wọ́n sì ń jẹ́ kí ilé tètè gbẹ lẹ́yìn omi.

Ìjì Ike dán gbogbo rẹ̀ wò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008. Ògiri etíkun dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn, láti ọ̀sà, ni omi gbà wọlé. Nǹkan bí igi 40,000 ló kú sórí erékùṣù náà, lára wọn ni àwọn igi ńlá tí wọ́n gbìn lẹ́yìn tí wọ́n gbé ilẹ̀ sókè. Àwọn onílé kan kò hú kùkùté tiwọn; wọ́n pe agbẹ́gilére, ó sọ ọ́ di ajá, di ẹyẹ, di áńgẹ́lì. Ẹni tó bá ń lọ láti ilé kan sí èkejì á rí wọn nínú ọgbà.

Ohun mìíràn wà lára àwọn ilé kan, tí kò gba tíkẹ́ẹ̀tì: àkọlé kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tó ń sọ pé ilé náà la ìjì 1900 já. Ó pọ̀ ní àyíká Broadway. Bí èèyàn bá ń rìn lọ sí ìhà òkun, yóò máa dín kù, títí yóò fi tán pátápátá.