Láti Kútọ́ ní Abẹ́òkúta dé Abidjan pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́ta: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìyá ọmọ kan ní Àdìgbẹ́ ló kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbéèrè yìí wá bá mi. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Abidjan, ọmọ wọn ti pé ọdún mẹ́ta, orí fóònù nìkan ni ọmọ náà sì ti mọ bàbá rẹ̀. Ọ̀nà ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà: kí wọ́n kúrò ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n la Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà kọjá, kí wọ́n tó wọ Côte d'Ivoire. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá èèyàn to irú ìrìn-àjò báyìí, nítorí náà mo fi ohun tí àwọn mìíràn máa ń bi mí kún tirẹ̀.

Ṣé ó tiẹ̀ ṣe é ṣe, àbí kí n fi ọmọ sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá mi?

Ó ṣe é ṣe dáadáa. Àwọn ará Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti sọ Abidjan di ọ̀nà oko. Tọmọdé tàgbà wọn ló ń lọ tó ń bọ̀. Kì í ṣe jíjìn ọ̀nà ló máa ń sú ọmọ. Láti Èkó dé Abidjan kò ju nǹkan bíi 1,000 kìlómítà lọ, bí ẹni ń lọ sí Kánò náà ni. Bọ́dà mẹ́rin tó wà láàárín ni wàhálà. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó tò, wọ́n á yẹ ìwé wò, wọ́n á lu òǹtẹ̀, ẹ ó fẹsẹ̀ rìn kọjá, ẹ ó sì tún tò lápá kejì. Àgbà á kùn, á sì gbà. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí oòrùn ń pa, tí oorun ń kùn, kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìlà.

Nítorí náà, ẹ má fi kìlómítà ṣírò ọ̀nà yín. Bọ́dà ni kí ẹ máa kà, kí ó má sì ju ẹyọ kan lọ lóòjọ́. Gbogbo ètò tó kù, orí ìyẹn ni mo gbé e kà.

Ìwé wo ni ọmọ nílò?

Pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀. Àsìkò tí wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé ìyá rẹ̀ ti kọjá lọ. Ti ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọdún márùn-ún péré ló máa ń lò.

Kí ẹ tó dé iléeṣẹ́ ìmígírésọ̀n, ẹ ti ní láti ní ìwé ẹ̀rí ìbí, NIN ọmọ náà, fọ́tò, ìwé ìdánimọ̀ ìyá àti bàbá, àti lẹ́tà tí òbí fi gbà pé kí wọ́n ṣe é fún un. Ibi ìwé ìbí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń há. Bébà tí ilé ìgbẹ̀bí fún yín lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ kọ́ ni wọ́n ń béèrè. Ti àjọ ètò ìkànìyàn, NPC, ni. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ. Bí NIN bá pè é ní Olúwaṣeun, tí ìwé ìbí pè é ní Ṣeun, ẹ ó lọ ẹ ó bọ̀ títí bàtà á fi jẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, ó kéré tán.

Físà ńkọ́? Kò sí. Àdéhùn tí ECOWAS ṣe ní 1979 ló fún ọmọ orílẹ̀-èdè kan láyè láti wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láì gba físà. Ṣùgbọ́n àdéhùn kan náà ló béèrè ìwé ìrìnnà tó ṣì lágbára àti ìwé ìlera àgbáyé, nítorí náà ẹni tó bá sọ fún yín ní gáréèjì pé «ECOWAS ni wá, kò sí ìwé kankan tí ẹnì kan fẹ́ wò» ń tàn yín. Mali, Burkina Faso àti Niger ti jáde nínú ẹgbẹ́ náà ní oṣù kìíní 2025. Kò sí èyí tó wà ní etíkun tí ẹ ń gbà nínú wọn, àmọ́ bí ẹ bá ní ẹbí ní Bobo-Dioulasso ní Burkina Faso tí ẹ fẹ́ yà kí láti Abidjan, ẹ kọ́kọ́ béèrè bí nǹkan ṣe rí.

Bàbá ọmọ ló ní ká máa bọ̀. Kí ló dé tí wọ́n á tún ní kó kọ lẹ́tà?

Nítorí pé ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ ṣe ẹrú ń gbà. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ á rántí ọkọ̀ ojú omi Etireno ní 2001. Ó gbéra ní Kútọnu, ìròyìn sì kárí ayé pé àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ lọ tà wà nínú rẹ̀; wọ́n lé e kúrò ní èbúté ní Gabon kó tó padà sí Kútọnu. Nàìjíríà dá NAPTIP sílẹ̀ ní 2003 láti gbógun ti òwò bẹ́ẹ̀, Bẹ̀nẹ̀ náà sì ṣòfin ní 2006 lórí bí a ṣe ń gbé ọmọdé láti ibì kan dé ibòmíràn. Òṣìṣẹ́ tó bá bi yín pé ọmọ ta nìyí, iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ gbà á ló ń ṣe. Èmi ò bá wọn bínú.

Mo rí èyí rí ní Kraké, ní bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ lápá ti Bẹ̀nẹ̀. Òṣìṣẹ́bìnrin kan tẹ̀ bá ọmọbìnrin kékeré kan, ó fi Yorùbá bi í pé, «Ta lò ń bá lọ yìí?» Ọmọ náà dáhùn pé, «Àǹtí mi ni.» Ìyá tó bí i ni o! Gbogbo àbúrò ọkọ tó wà nínú agboolé ló ń pe ìyá náà ní Àǹtí, ọmọ sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà tó wà nílé ni òun mọ̀ sí Mọ́mì. Wọ́n yọ ìyá ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n yẹ ìwé ìbí wò, wọ́n pe bàbá lórí fóònù, kí wọ́n tó ní kí wọ́n máa lọ. Ọkọ̀ wọn kò dúró.

Nítorí náà, kí bàbá kọ lẹ́tà pé òun mọ̀ sí ìrìn-àjò náà: orúkọ ọmọ, nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù ọmọ àti ti ìyá, ìlú tí ẹ ń lọ, àti nọ́ńbà fóònù tí wọ́n á pè tí yóò sì gbé. Kí ó fi ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀ tì í. Ẹ ṣe ẹ̀dà kan ní èdè Faransé, torí pé mẹ́ta nínú orílẹ̀-èdè mẹ́rin tí ẹ ń lọ, Faransé ni iléeṣẹ́ ìjọba wọn ń lò. Bí orúkọ ilé bàbá yín ló ṣì wà nínú pásípọ́ọ̀tù yín, ẹ mú ìwé ìgbéyàwó dání. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ́ ọmọ ní orúkọ rẹ̀ àti tiyín, kó sì mọ̀ pé ẹ̀yin ni ìyá òun.

Ó ti gba abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú ní ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Ṣé ó tún kù?

Abẹ́rẹ́ kò kù, káàdì ló kù. Ìwé àjẹsára tí wọ́n fún yín ní ìbílẹ̀ kì í ṣe yẹ́lò káàdì tí bọ́dà ń béèrè. Iléeṣẹ́ ìlera èbúté, tí wọ́n ń pè ní Port Health, ló ń fúnni ní ti àgbáyé. Látorí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó ti kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Gánà àti Côte d'Ivoire ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ oṣù mẹ́sàn-án sókè. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abẹ́rẹ́ yóò dúró di ọjọ́ kẹwàá kí káàdì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí náà ẹ má fi tiyín dọ̀la. Láti 2016, káàdì náà kì í parí mọ́ láyé ẹni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín pé ọdún mẹ́wàá ti pé.

Ìdìrókò ni ká gbà, àbí Sẹ̀mẹ̀?

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta, Ìdìrókò ló yá. Ẹ ó gba Pápáláńtò, Ìlaròó, Owódé, ẹ ò ní fojú kan sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó rárá. Bí ẹ bá ti kọjá sí Igolo lápá ti Bẹ̀nẹ̀, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) kò jìnnà mọ́, Yorùbá ni ẹ ó sì máa gbọ́ lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n ti Ìdìrókò pa ní 2019, ó di 2022 kí wọ́n tó ṣí i, nítorí náà ẹ tẹ ẹnì kan láago níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ. Sẹ̀mẹ̀ dára fún ẹni tó bá fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì ńlá láti Èkó. Àwọn kan máa ń wọ rélùwéè ní Láderin ní Abẹ́òkúta lọ sí Èkó kí ọmọ lè gbádùn. Ọmọ á gbádùn lóòótọ́, àmọ́ láti Alágómejì tí rélùwéè ti já yín sílẹ̀ dé Àgbádárìgì, ẹ̀yin lẹ ó jẹ ìyà ẹ̀.

Ṣé ká wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ tààrà, àbí ká máa gé e?

Ẹ máa gé e. Bọ́ọ̀sì tààrà dùn ún gbọ́, owó rẹ̀ sì lè dín, ṣùgbọ́n ní bọ́dà kọ̀ọ̀kan, gbogbo èrò ló máa dúró de ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé. Bó bá dòru, ọmọ yín ló máa sùn lórí ẹsẹ̀ yín títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ lọ sùn sí Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu. Ọjọ́ kejì, ẹ gba Wídà àti Grand-Popo lọ sí Hilacondji, ẹ wọ Tógò, ẹ sùn ní Lomé. Tógò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa: bí ó bá lu aago mẹ́fà ní Abẹ́òkúta, márùn-ún ló lù níbẹ̀, àti ní gbogbo ọ̀nà tó kù. Ọmọ tó máa ń jí ní aago mẹ́fà á jí yín ní márùn-ún. Mo fẹ́ràn Lomé fún ọlọ́mọ nítorí pé ìlú náà fara ti bọ́dà Gánà gan-an. Ẹ lè jẹun àárọ̀ tán kí ẹ tó fẹsẹ̀ rìn wọ Aflao kí oòrùn tó mú. Láti ibẹ̀, ó di Accra. Ẹ sinmi níbẹ̀ ní oru méjì, kí ọmọ sáré kiri, kí ẹ fọ aṣọ. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sùn ní Takoradi, kí ẹ lè fi àárọ̀ dé Elubo, kí ẹ sì kọjá sí Noé, níbi tí Côte d'Ivoire ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà gbáko nìyẹn. Ọkọ yín á pariwo pé òun máa ń fi ọjọ́ méjì dé. Òun kò gbé ọmọ dání.

Bí owó ọkọ̀ òfuurufú bá wá ńkọ́?

Ẹ wọ̀ ọ́. Ọmọ tó bá ti pé ọdún méjì á sanwó ìjókòó tirẹ̀, kò sí jíjókòó sẹ́sẹ̀ ìyá mọ́. Ìwé kan náà ni ẹ ó sì lò.

Kí ni yóò máa jẹ? Bí ara rẹ̀ kò bá yá ńkọ́?

Oúnjẹ kì í ṣe ìṣòro. Gààrí àti bisikíìtì inú àpò yín á tó fún ojú ọ̀nà. Àkàrà wà ní Kútọnu, ó wà ní Gánà tí wọ́n ń pè é ní koose, tí wọ́n fi ń mu ògì gbígbóná láàárọ̀. Bí ẹ bá dé Côte d'Ivoire, dòdò àti ẹja yíyan wà níbi gbogbo. Ohun tó bá ń hó lórí iná ni kí ẹ rà. Ẹ fi sàláàdì àti omi inú ọ̀rá tí ẹ ò mọ orírun rẹ̀ sílẹ̀.

Ìgbẹ́ gbuuru àti ibà ni kí ẹ múra sílẹ̀ dè. Ẹ mú ORS àti síǹkì dání, kí ẹ fi omi tó mọ́ po ORS náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára pákẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú parasitámọ̀ olómi, kí ẹ sì wọn ọmọ náà kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí pé bí ó ṣe wúwo tó ni dókítà fi ń mọ oògùn tó máa lò. Àwọ̀n ẹ̀fọn kékeré kò wúwo. Gbogbo etíkun yẹn ni ibà wà, tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tó bá jẹ́ SS, ẹ má gbéra láìrí dókítà rẹ̀. Omi àti ìsinmi tó tó kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà fún irú wọn.

Mo rí àwọn ìyá tó ń fún ọmọ ní oògùn ikọ́ kó lè sùn nínú ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyẹn lè dí èémí ọmọ lọ́wọ́, pàápàá ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì.

Owó wo ni ká mú dání?

Séfà kan náà ni Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Côte d'Ivoire ń ná, nítorí náà ẹ má ṣẹ́ èyí tó ṣẹ́ kù padà ní Lomé. Ẹ ó tún nílò rẹ̀ ní Noé. Sídì ni ti Gánà. Ẹ pín owó sí ọ̀nà méjì, kí ìdá kankan má sí nínú báàgì tí pámpáàsì wà, torí pé ìyẹn ni ẹ ó máa ṣí lójú gbogbo ayé.

Oṣù wo ló dára jù?

Oṣù kọkànlá tàbí oṣù kejì. Láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, òjò etíkun kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Oṣù kejìlá ni gbogbo èèyàn ń lọ sílé ọdún. Ìlà bọ́dà á gùn, owó ọkọ̀ á fò sókè.

Ṣé kí n mú kẹ̀kẹ́ ọmọ?

Ọ̀já méjì ni kí ẹ mú. Kẹ̀kẹ́ kò ní lè yí nínú iyanrìn àti èrò bọ́dà, ẹ ó sì nílò ọwọ́ méjèèjì fún ìwé àti ẹrù. Bí ẹ bá pọ̀n ọ́n, ẹ mọ ibi tó wà. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín àti ti bàbá rẹ̀ sí inú kọ́là aṣọ tó wọ̀ lójoojúmọ́, pẹ̀lú kóòdù orílẹ̀-èdè níwájú: +234 tiwa, +225 ti Côte d'Ivoire.