Bí Wọ́n Ṣe Ń Wá Ààyè fún Táyà Ńlá Lábẹ́ Bódì Jíìpù

Lásìkò òjò, ọ̀nà amọ̀ pupa tó wọ inú oko lágbègbè Ìgbàjà àti Ìsin máa ń jìn débi pé ikùn ọkọ̀ yóò máa wọ́lẹ̀ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ga. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń fi Hilux tàbí Land Cruiser kó iṣu fi máa ń fẹ́ táyà tó tóbi ju èyí tó bá ọkọ̀ wá. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ààyè tí táyà àkọ́kọ́ nílò ni wọ́n dá sí inú ihò táyà, níbi tí bódì ti tẹ̀ kọrọdọ lé ẹsẹ̀ lórí. Kí táyà ńlá tó lè wọ ibẹ̀ láì ha nǹkan kan, bódì ni yóò yẹra fún un.

Ara táyà ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 265/70R16 sí lára fẹ̀ ní mìlímítà 265, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 70 nínú 100 ìbú náà, ríìmù rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 16. Bí a bá ro ó pọ̀, láti ilẹ̀ dé orí rẹ̀ yóò tó nǹkan bíi mìlímítà 777. Ti 285/75R16 yóò tó 834. Ìdajì ìyàtọ̀ náà wà nísàlẹ̀ agbedeméjì ríìmù, ìdajì wà lókè: ọkọ̀ yóò fi nǹkan bíi mìlímítà 28 ga sí i, orí táyà náà yóò sì fi 28 sún mọ́ bódì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n wọn ààyè yìí nígbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan. Táyà iwájú ń yí tẹ̀lé sítíárìn, ó sì ń gòkè nígbà tí sípíríìnì bá sún kì. Ìgbà tí méjèèjì bá pàdé, bíi kí ọkọ̀ máa fà sẹ́yìn jáde nínú kòtò pẹ̀lú sítíárìn tí wọ́n yí dé òpin, ni táyà máa ń ha bódì lẹ́yìn tàbí bọ́ńpà níwájú. Nítorí náà, sípíríìnì gíga nìkan kò yanjú ọ̀rọ̀. Ó ń gbé ọkọ̀ sókè nígbà tó bá dúró, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ kan bá gun òkúta, yóò sún kì títí yóò fi kan rọ́bà tó ń dá a dúró, ibi tí rọ́bà náà wà kò sì yí padà. Ríìmù tó yọ síta tún ń dá kún un, torí pé bí táyà bá ṣe jìnnà sí ara ọkọ̀ tó ni àyíká tó ń gbà nígbà tó bá ń yí ṣe ń gbòòrò tó.

Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ gbé ṣásí (egungun irin abẹ́ ọkọ̀) ka orí ìdúró irin tó lágbára, yóò yọ sípíríìnì (èyí tó ká gbọdọ̀ ní irinṣẹ́ tó dè é mọ́lẹ̀, nítorí ó lè ta pa èèyàn), yóò dá táyà padà, yóò sì fi jáàkì tì í dé ibi rọ́bà náà. Yóò wá fi ẹfun kun eyín táyà, yóò sì yí sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì. Ibi tí ẹfun bá lẹ̀ mọ́ ni wọn yóò ṣiṣẹ́ lé lórí. Ó yẹ kí ààyè tó nǹkan bí ìbú ìka méjì ṣẹ́ kù, nítorí amọ̀ ọ̀nà oko máa ń lẹ̀ mọ́ táyà.

Ike dúdú inú ihò táyà àti igun bọ́ńpà kò nira láti gé. Lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, níbi tí páànù méjì ti pàdé, etí kan máa ń yọ bí ojú ìránpọ̀ aṣọ. Òun ló so páànù méjèèjì pọ̀, nítorí náà wọn kì í gé e. Òòlù ni wọ́n fi ń lù ú kí ó sùn mọ́ bódì. Ibi tó gba sùúrù jù ni apá irin tó yọ lára ṣásí, tí bódì jókòó lé. Wọ́n lè gé igun rẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣófo bí àpótí, agbára rẹ̀ yóò sì lọ bí wọ́n bá ṣí i sílẹ̀: irin tó nípọn tó ti tẹ́lẹ̀ ni wẹ́dà gbọ́dọ̀ fi dí i, kí ó sì jó o yíká. Fẹ́ńdà iwájú jẹ́ páànù kan tí bóòtì dè, àmọ́ etí ihò ẹ̀yìn jíìpù jẹ́ páànù méjì tí wọ́n jó pọ̀. Bí ẹ̀rọ fáìlì bá gé e kọjá, wọ́n gbọ́dọ̀ tún méjèèjì jó pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹrẹ̀ yóò máa wọ àárín wọn.

Ọkọ̀ tó ní ṣásí lọ́tọ̀ ni gbogbo èyí wà fún. Ti RAV4 àti irú rẹ̀, bódì gan-an ni egungun, inú ihò táyà iwájú ló sì di orí ṣọ́ọ̀kì mú. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà kí wọ́n gé ibẹ̀.

Kí iná wẹ́dà tó tàn, orí bátìrì gbọ́dọ̀ kúrò, kí wọ́n sì gbé ohun tó lè gbiná jìnnà. Ojú irin tí wọ́n bá gé kò gbọdọ̀ sùn ní ìhòòhò: ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà ni ó kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn rẹ̀ ni gọ́ọ̀mù tó ń dí ojú ìránpọ̀, kí ọ̀dà bódì tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan máa ń fo èyí nítorí pé kò hàn síta, páànù náà yóò sì jẹrà láti inú.

Pẹ̀lú táyà 285/75R16 yẹn, ọkọ̀ yóò ti máa sá bíi 107 nígbà tí míta bá ń ka 100, bíréèkì yóò sì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó mú un dúró. Kí wọ́n tó gbé e fún olówó rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n di ẹrù kún un, kí wọ́n wà á lọ sójú ọ̀nà oko, kí wọ́n sì padà wo inú ihò táyà kọ̀ọ̀kan, pàápàá rọ́bà tí epo bíréèkì ń gbà kọjá, bóyá ojú ibi tí nǹkan ha ṣì wà.